Ìsinmi ní Erékùṣù Olóòrùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Múra Ìrìn-àjò

Erékùṣù kì í ṣe ìlú tó kàn wà lẹ́bàá òkun. Láti orí oúnjẹ dé orí epo ọkọ̀, ojú omi tàbí ojú òfúrufú ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń gbà débẹ̀, atẹ́gùn ló sì ń pàṣẹ fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ti mọ apá ibi tí yóò dé sí, etí òkun tí yóò ti wẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi lè má gbéra, àti ìdí tí oòrùn fi ń jó ènìyàn tí ara ò sì fura. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn la fi bẹ̀rẹ̀.

Apá wo ní erékùṣù ló yẹ ká dé sí?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ní oṣù tí ẹ fẹ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru, apá ìlà-oòrùn ló ti máa ń wá jù láàárín ọdún. Ó ń gbé ọ̀rinrin bọ̀ láti orí òkun. Bó bá kan òkè, ó di dandan kó gùn ún, bó ṣe ń gùn ún ló ń tutù, ibẹ̀ ló sì ti ń da òjò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ti gbẹ. Bó ṣe rí nìyẹn ní erékùṣù tó tóbi jù ní Hawaii: ìlà-oòrùn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọn ibì kan ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ sì gbẹ tó fi jọ aṣálẹ̀. Barbados kò ní òkè gíga, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà hàn lójú omi: ìgbì Àtìláńtíìkì ń bú ramúramù ní ìlà-oòrùn, omi ìwọ̀-oòrùn sì máa ń pa rọ́rọ́.

Ẹni tó ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ, tàbí tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, apá tó kẹ̀yìn sí atẹ́gùn ni kó gba yàrá sí. Àmọ́ ẹ má fi ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ṣe òfin fún ibi gbogbo. Ní Maldives, atẹ́gùn ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, nígbà tó kù, àríwá ìlà-oòrùn ni. Ní Thailand, oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ jù ní Phuket, ṣùgbọ́n ní Koh Samui tó wà ní òdìkejì, oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni òjò tirẹ̀ ń le. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, àsìkò kò dọ́gba.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì pé: "Ní oṣù tí à ń bọ̀ yìí, ṣé atẹ́gùn máa ń kọjú sí etí òkun yín?" Ìbéèrè yẹn wúlò ju gbogbo àwòrán aláràbarà tí wọ́n gbé síta lọ.

Ìgbà wo ni ìjì ńlá máa ń jà?

Ní Àtìláńtíìkì àti Karibíánì, 1 oṣù Kẹfà sí 30 oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ló sì máa ń le jù. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Òkun Íńdíà, níbi tí Mauritius àti Réunion wà, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni. Aruba, Bonaire àti Curaçao wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí ìjì máa ń gbà, kì í sábà kàn wọ́n.

Bí ẹ bá máa ra ìnṣọ́ránsì, ẹ rà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san owó ọkọ̀. Bí ìjì bá ti lórúkọ, ó ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń bọ̀, ìnṣọ́ránsì tí ẹ rà lẹ́yìn ìgbà náà kò sì ní sábà san ohunkóhun lórí rẹ̀.

Àwọn ìwé wo ni wọ́n máa ń béèrè?

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kí páṣípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà lára, wọ́n sì fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà, torí fóònù lè kú lórí ìlà. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ tí ibà pọ́njú wà, tàbí tí ẹ dúró pẹ́ ní pápákọ̀ òfúrufú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ tí ẹ gbà lọ́sẹ̀ ìrìn-àjò kò wúlò. Láti oṣù Keje ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan péré tó ènìyàn títí láé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ tún un gbà nítorí pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá kò mọ òfin tó wà nílẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí oòrùn erékùṣù fi ń jó ènìyàn kíákíá?

Atẹ́gùn ló ń tan ara jẹ. Ìtànṣán tó ń jó awọ yàtọ̀ sí ooru. Ara kì í mọ̀ ọ́n bó ṣe ń wọlé. Láàárín ìlú, ooru á ti lé yín wọ abẹ́ ibòji kí awọ tó jó. Létí òkun, atẹ́gùn á máa fẹ́ yẹ́ẹ́, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan kan, àfi bó bá di alẹ́ tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí ata. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ kò dá a dúró: ó lè jẹ́ kí ìdá 80 nínú 100 kọjá. Iyanrìn gbígbẹ ń dá nǹkan bí ìdá 15 padà sókè, ìgbì tó ń hó funfun ń dá nǹkan bí ìdá 25 padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn náà fi ń jó. Inú omi pàápàá kì í ṣe ibi ìsá sí. Bí ẹ bá wọlẹ̀ ní ìdajì mítà, nǹkan bí ìdá 40 ìtànṣán náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ máa wo òjìji yín. Bó bá ti kúrú ju yín lọ, oòrùn ti le, ibòji ló kàn.

Awọ dúdú ńkọ́?

Ó ń jó. Ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni, kì í sì í pọ́n bíi ti awọ funfun, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń rò pé kò jó. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé awọ á fún, á gbóná lábẹ́ ọwọ́, á máa ro yín, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á bó. Ètè, ojú àti awọ orí láàárín irun dídì ló ń jìyà jù. Ìpara oòrùn tí wọ́n fi zinc oxide ṣe máa ń fi ẹfun sí awọ dúdú lára. Ẹ wá irú èyí tí wọ́n ti pò àwọ̀ mọ́.

Báwo la ṣe ń lo ìpara oòrùn, àti pé èló ló tó?

Ó pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lò ó lọ. Ẹ fi ṣíbí tíì, mílílítà 5, wọ̀n ọ́n: ṣíbí kan fún ojú, etí àti ọrùn, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àyà àti ikùn, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí méje ni, mílílítà 35 lápapọ̀. Ẹ da ṣíbí kan péré sí àtẹ́lẹwọ́ nílé kẹ́ ẹ rí i: òkìtì kékeré kan ló máa jókòó sí àárín ọwọ́ yín, kì í ṣe ìlà tín-ínrín tí a máa ń fún jáde. Ẹni tó bá fi ìdajì rẹ̀ pa ara kò rí ààbò tí wọ́n kọ sára ìgò gbà.

Ẹ kùn ún ní ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì tún un kùn ní wákàtí méjì-méjì, àti nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá jáde nínú omi tẹ́ ẹ fi tówẹ̀ẹ̀lì nu ara. SPF ni nọ́ńbà ààbò tí wọ́n kọ sára ìgò: SPF 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán tó ń jó ara dúró, SPF 50 ń dá nǹkan bí ìdá 98 dúró. Ìyàtọ̀ náà kéré. Bí ẹ ṣe kùn ún pọ̀ tó ló jà jù. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni òkè etí, ẹ̀yìn ọrùn, ẹ̀yìn orúnkún àti orí ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò mílílítà 200 kò tó ìgbà mẹ́fà. Ẹni tó ń kun gbogbo ara lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ yóò lò ó tán ní ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rọ ènìyàn pé kó ra ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn: ó bo ẹ̀yìn, àyà àti apá, ṣíbí mẹ́rin ló dín kù nínú méje yẹn, kò sì ní ṣàn kúrò nínú omi. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ wo ẹja nínú omi kò gbọ́dọ̀ lọ láìwọ̀ ọ́, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí oòrùn fún odindi wákàtí.

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Hawaii ti fòfin de títa ìpara tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 láti dáàbò bo iyùn inú òkun, Palau sì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2020. Inú àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú ni kẹ́ ẹ kó ìgò ńlá sí. Ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ á gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí ooru bá mú ẹnì kan ńkọ́?

Ìtọ̀ tó pọ́n kẹ́ẹ́ wà lára àmì pé omi ti dín kù lára. Ẹ gbé ẹni náà sí ibòji, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí ẹ fi nǹkan gé orí rẹ̀ tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má bu iyọ̀ lé e. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu, pàápàá fún ọmọdé. Bí ẹni náà bá ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà, tàbí tó dákú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní omi mímu. Ẹ pe dókítà, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ sì máa fẹ́ ẹ láìdúró títí ìrànwọ́ á fi dé. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu.

Báwo la ṣe ń dá omi tó ń fa ènìyàn lọ sójú agbami mọ̀?

Kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ, ẹ dúró síbi tó ga díẹ̀, kẹ́ ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú 10. Ìgbì á máa wó ní ìlà funfun gbọọrọ. Bí ẹ bá rí àlàfo kan láàárín ìlà funfun yẹn, tí omi ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, tí ìgbì kì í wó síbẹ̀, tí iyanrìn àti èérí ojú omi sì ń rìn lọ sójú agbami dípò kó máa bọ̀ wá sí etí, ibẹ̀ gan-an ni. Ojú tí kò mọ̀ yóò rò pé ibẹ̀ ló rọrùn jù fún ọmọdé, torí pé ibẹ̀ ló pa rọ́rọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo omi tí ìgbì gbé wá sí etí gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, àlàfo yẹn ló sì ń gbà.

Bó bá mú yín, kò ní rì yín mọ́lẹ̀. Ṣe ló ń gbé yín lọ. Àwọn tó kú sínú rẹ̀, rírẹ̀ ló sábà pa wọ́n, nítorí wọ́n ń bá a jà kí wọ́n lè padà tààrà. Èyí tó bá le lára rẹ̀ lè yára ju mítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmùwẹ̀ tó gbówọ́ pàápàá kò sì lè bá a jà pẹ́. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kẹ́ ẹ léfòó, ẹ mí dáadáa, ẹ na ọwọ́ sókè. Bí ara bá gbé e, ẹ wẹ̀ ní ìbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun, títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀. Kì í sábà fẹ̀ púpọ̀. Ibi tí ìgbì ti ń wó funfun ni kẹ́ ẹ wá gbà padà, ìgbì náà á máa tì yín bọ̀. Ẹni tó wà létí kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sí i láti gba ẹlòmíràn là lọ́wọ́ òfìfo: kó ju ohun tó ń léfòó sí i, kódà kẹ́ẹ̀gì omi òfìfo tí wọ́n dé pa, kó sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun.

Àwọn àsíá etí òkun, kí ni wọ́n ń sọ?

Pupa lókè, ìyeyè nísàlẹ̀: àárín méjì irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ń wò. Pupa kan: omi le. Pupa méjì: ẹ má wọ omi rárá. Èsè àlùkò: ohun tó ń ta ni wà nínú omi. Àwọn ibì kan ní àfikún tiwọn, nítorí náà ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣé a lè fi àwọn rọ́bà aláfẹ́fẹ́ ṣeré lójú omi?

Nínú omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú òkun, rárá, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú omi. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń tan ènìyàn jù, torí pé atẹ́gùn náà tẹ ìgbì pa, omi á tẹ́ bí abọ́. Ọmọ tó wà lórí rọ́bà á sì ti jìnnà kí àgbà tó yíjú padà. Ẹ wo ibi tí àsíá ń fẹ́ sí: bó bá ń nawọ́ sí agbami, ẹ fi rọ́bà sílẹ̀ ní yàrá.

Kí ló dé tí òkun fi ń fà lọ tí a ò sì rí omi wẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ etíkun, òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí ara wọn, àsìkò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Bí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, kíkún àti fífà rẹ̀ á pọ̀ jù. Ní ìlà-oòrùn Zanzibar, ní Paje àti Jambiani, òkun lè fà jìnnà débi pé ẹ̀ẹ́ máa rìn lórí iyanrìn níbi tí ẹ ti wẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wo àtẹ àsìkò omi ibi tí ẹ wà. Bí ẹ bá fẹ́ rìn lọ sí òkìtì iyanrìn tó wà láàárín omi, ẹ gbéra kó tó fà tán, kẹ́ ẹ sì ti padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ wọ bàtà omi, torí ẹ̀gún ẹran òkun.

Bí nǹkan inú òkun bá ta wá tàbí gún wa?

Fún jẹ́líífíìṣì, ẹ jáde nínú omi, ẹ má fi iyanrìn pa á, ẹ má da omi tútù tí kò níyọ̀ sí i, ẹ má sì tọ̀ sí i. Gbogbo ìyẹn lè mú kí oró tó kù lára awọ tú jáde. Omi òkun ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú okùn rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ ki ibẹ̀ sínú omi gbígbóná tí ara lè gbà, tí kò ju 45°C lọ, fún ìṣẹ́jú 20 sí 40. Ọwọ́ tí kò dùn yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wo bó ṣe gbóná tó. Fínígà dára fún irú kan, kò dára fún òmíràn, nítorí náà ẹ bi ẹ̀ṣọ́ etí òkun ibẹ̀.

Ẹran òkun róbótó tó ní ẹ̀gún bí òòrẹ̀ ló ń gún ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àpáta. Omi gbígbóná kan náà ló ń pa oró rẹ̀. Ẹ fa ẹ̀gún tó yọ orí síta. Èyí tó ti wọlé jìn, ẹ má tẹ̀ ẹ́, dókítà ni kó yọ ọ́. Àmì dúdú tó kù lè má jẹ́ ẹ̀gún, aró rẹ̀ ni, ó máa ń parẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ojú egbò tí iyùn bá là, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa lójú ẹsẹ̀, torí èérún rẹ̀ máa ń kù sínú rẹ̀, ó sì ń mú kó kẹ̀. Ẹni tí mímí bá di ìṣòro fún, tàbí tí ojú rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn ló ń lọ.

Ẹja erékùṣù, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jẹ?

Ẹja ńlá tó ń pa ẹja mìíràn jẹ lórí òkìtì iyùn, bíi barakúdà, lè ní oró kan tí wọ́n ń pè ní ciguatera. Iná kì í pa á, yìnyín kì í pa á, kò sì ní adùn tàbí òórùn tó yàtọ̀. Ẹni tó mú un á bì, ẹnu rẹ̀ á máa ṣe é gìrìgìrì, nǹkan tútù sì lè máa jó o bí iná. Ẹ jẹ ẹja kéékèèké, ẹ sì yẹra fún orí, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ẹja ńlá.

Ẹ̀fọn ńkọ́?

Èyí tó ń gbé ibà dengue máa ń jẹni lọ́sàn-án, kò dúró de alẹ́. Ìpara oòrùn ni ẹ kọ́kọ́ kùn, kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni òògùn ẹ̀fọn tó ní DEET ìdá 20 sí 30 nínú 100. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, ẹ̀fọn kì í lè dúró. Bó bá ti rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jáde. Fáànù tó kọjú sí ibùsùn ń ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi láti erékùṣù kan sí èkejì: kí ló yẹ ká mọ̀?

Ẹ wọ èyí tó ń lọ láàárọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, atẹ́gùn máa ń le sí i bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó lo oògùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan kí ọkọ̀ tó ṣí, kó jókòó sí àárín, nísàlẹ̀, kó sì tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀run àti òkun ti pàdé. Kíka fóònù ló ń dá a sílẹ̀ kíá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ padà sí erékùṣù tí pápákọ̀ òfúrufú wà ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìpadàbọ̀. Bí atẹ́gùn bá dá ọkọ̀ ojú omi dúró, ọkọ̀ òfúrufú kò ní dúró dè yín.

Ṣé ká háyà alùpùpù?

Bí láíṣẹ́ǹsì yín kò bá kan alùpùpù, ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti san owó ìwòsàn yín. Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Barbados, Jamaica, Mauritius, Seychelles àti Zanzibar. Iyanrìn tí atẹ́gùn gbá sórí títì níbi ìyípo ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú, sàlẹ́ńsà gbígbóná sì máa ń jó ẹsẹ̀ ẹni tó bọ́ sílẹ̀ láìwọ ṣòkòtò gígùn.

Owó, iná àti fóònù?

Ẹ mú káàdì méjì àti owó wẹ́wẹ́, torí bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dá, káàdì ò ṣiṣẹ́. Ẹ gba máàpù sórí fóònù nílé. Bí wọ́n bá kọ 100–240V sára ṣájà, ó lè lo iná ibikíbi. Ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù kẹ́ ẹ wá. Páwà báǹkì kì í wọ àpótí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ lẹ máa gbé e, kó má sì ju 100Wh lọ, ìyẹn nǹkan bí 27,000mAh.

Ṣé a lè mú iyanrìn tàbí iyùn bọ̀ wálé?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sardinia, owó ìtanràn fún kíkó iyanrìn, òkúta tàbí ìkarawun etí òkun bẹ̀rẹ̀ láti 500 yúrò dé 3,000 yúrò, wọ́n sì ń yẹ àpò wò ní pápákọ̀. Iyùn òkúta wà lábẹ́ CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà lẹ ti rà á.

Ìgbà wo la lè wọ ọkọ̀ òfúrufú lẹ́yìn tí a bá fi gáàsì inú ìgò mòòkùn?

Lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo tí kò béèrè pé kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ nínú omi bí ẹ ṣe ń gòkè bọ̀, ó kéré tán wákàtí 12. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tó jẹ́ ọjọ́ bíi mélòó kan, wákàtí 18. Gáàsì nitrogen tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gòkè kó tó jáde tán, á hó bí omi ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀, ìrora oríkèé àti rírọ ẹsẹ̀ ló sì lè tẹ̀ lé e. Wíwo ẹja láti ojú omi pẹ̀lú páìpù ìmí kò ní ìṣòro yìí, nítorí náà ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi sí ọjọ́ tó kẹ́yìn.